Aáwọ̀ Ìbẹ̀rẹ̀ Kì í Ṣe Òpin Ẹgbẹ́: Bí Àwọn Aláṣepọ̀ Ṣe Ń Dàgbà Lẹ́nu Iṣẹ́

Ní gbogbo agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ọdún kan kì í kọjá kí ẹgbẹ́ tuntun má dìde. Àwọn àgbẹ̀ a parapọ̀ láti ro oko. Àwọn obìnrin a parapọ̀ láti yan gààrí. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti jáde ilé ẹ̀kọ́ a dá owó jọ láti sin adìẹ tàbí ẹja. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà a sì para pọ̀ gba iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ọjọ́ tí a bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ a máa jẹ́ ọjọ́ ayọ̀. A ó gbàdúrà, a ó yan alága, akọ̀wé àti akápò, olúkúlùkù a sì fi ìdùnnú padà sí ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, ohùn lè ti yí padà. Ẹnì kan ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹlòmíràn ń sọ pé owó kò pé. Ẹnì kẹta ń kùn pé alága ti sọ ara rẹ̀ di ọba. Nígbà tí ó bá di bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbà pé ẹgbẹ́ náà ti bàjẹ́. Wọn a pín ohun tí ó kù lọ́wọ́, wọn a sì túká. Owó tí a kó jọ a dànù, iṣẹ́ a dúró, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀ kò sì ní kí ara wọn dáadáa mọ́.

Ibi tí àṣìṣe ńlá wà nìyí. Àwọn tí wọ́n ti fara balẹ̀ wo bí ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ rí i pé irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àmì pé ẹgbẹ́ ń dàgbà. Bí ọmọ ọwọ́ bá ń hu eyín, ara a máa ni ín. Ìyá rẹ̀ kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé e sọnù. Bákan náà ni ó yẹ kí a ṣe sí ẹgbẹ́.

ÀÁRÓ ÀTI Ọ̀WẸ̀

Kí ìwé tó dé ni àwọn ará Èkìtì ti mọ iṣẹ́ àjọṣe. Àáró jẹ́ ti àwọn tí agbára wọn dọ́gba. Bí ọkùnrin 6 bá wọ àáró, wọn yóò ṣiṣẹ́ ní oko ẹnì kìn-ín-ní lónìí, ní oko ẹnì kejì ní ọjọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Nígbà tí ó bá kárí, olúkúlùkù yóò ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ 5 fún àwọn ẹlòmíràn, yóò sì ti gba iṣẹ́ ènìyàn 5 padà. Bí àìsàn bá dá ẹnì kan dúró, yóò rán àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí kí ó wá ọjọ́ mìíràn san gbèsè náà.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá já lé léjìká, bí ilé kíkọ́ tàbí ebè kíkọ fún àna, ni ó ń bẹ ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀. Òun ni yóò wá oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn, a kì í sì ka ọjọ́ bí a ti ń kà á nínú àáró. Ọ̀mọ̀wé N. A. Fadipe, tí ó kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ìgbé ayé àwọn Yorùbá fún Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, mẹ́nu ba àwọn ètò wọ̀nyí. A tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ìwé ní Ìbàdàn ní ọdún 1970.

Kí ni ó mú kí àáró lágbára? Ohun méjì ni. Èkínní, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ohun tí òun jẹ àti ohun tí a jẹ òun. Èkejì, àwọn tí ń ṣe é ti mọ ara wọn láti kékeré. Wọ́n ti bá ara wọn ṣeré, wọ́n ti jà, wọ́n sì ti parí ìjà náà kí wọ́n tó gbé ọkọ́ pọ̀. Èyí ni ẹgbẹ́ òde òní kò ní. Ní ilé iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn àti nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn tí kò mọ ara wọn rí ni a sábà ń kó pọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí àwọn ọ̀gbà fi ogún ọdún ṣe, àwọn wọ̀nyí ní láti fi oṣù díẹ̀ ṣe é. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é láìsí ariwo rárá.

ÌPELE MÁRÙN-ÚN

Ní ọdún 1965, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bruce Tuckman kó ìròyìn ìwádìí 50 jọ lórí bí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ṣe ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jọ ara wọn, ó sì pín in sí ìpele mẹ́rin. Ní ọdún 1977, òun àti Mary Ann Jensen fi ìkarùn-ún kún un. Bí a bá fi ojú Èkìtì wo ìpele wọ̀nyí, báyìí ni wọ́n ṣe rí.

Ìpele kìn-ín-ní ni ìpàdé. Ní àkókò yìí olúkúlùkù ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ohun tí alága bá wí ni gbogbo ènìyàn ń kí kú iṣẹ́ sí. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a pe òun ní oníjàngbọ̀n, nítorí náà a kì í béèrè àwọn ìbéèrè tí ó le: Ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Kí ni a ó ṣe fún ẹni tí kò wá? Ìgbà wo ni a ó pín èrè? Olórí tí kò bá ṣọ́ra yóò rò pé ìdákẹ́jẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ ìfohùnṣọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì mọ ara wọn tó láti lòdì sí ara wọn ni.

Ìpele kejì ni aáwọ̀. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ìwà olúkúlùkù sì ti hàn. Ẹni tí ó yá lọ́wọ́ ń bínú sí ẹni tí ó lọ́ra. Ẹni tí ó mú owó púpọ̀ wá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun wúwo ju ti àwọn tí ó kù lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ẹni tí ó fi alága jẹ. Àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń kú. Àwọn mìíràn kò túká, ṣùgbọ́n wọ́n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Òun náà kò dára, nítorí pé iná tí a fi eérú bò kò tíì kú.

Ìpele kẹta ni ìlànà. Inú aáwọ̀ gan-an ni ìlànà ti ń jáde. Kí a mú un pé àwọn obìnrin 8 ń yan gààrí pọ̀, ìjà sì dé nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń wá igi ìdáná ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá jókòó tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọn yóò pín in kí igi wíwá máa yí ká, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kan. Láti ọjọ́ náà lọ, ìjà igi ìdáná ti parí. Bí wọ́n bá ti yanjú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ́ẹ̀, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé, "Báyìí ni àwa ń ṣe níhìn-ín." Ọ̀rọ̀ náà ni àmì pé wọ́n ti di ẹgbẹ́ ní tòótọ́.

Ìpele kẹrin ni iṣẹ́. Ní àkókò yìí olórí lè lọ sí ìrìn-àjò kí iṣẹ́ má sì dúró. Ẹnì kan kì í dúró de àṣẹ kí ó tó ran ẹnì kejì lọ́wọ́. Àríyànjiyàn ṣì wà, ṣùgbọ́n orí bí iṣẹ́ yóò ṣe dára ni ó dá lé, kì í ṣe orí ẹni tí ó ga ju ẹnì kejì lọ.

Ìpele karùn-ún ni ìtúká. Àwọn àgbà sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ kó ara jọ bá parí, ó yẹ kí a ka owó ní gbangba, kí a pín èrè, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Ẹgbẹ́ tí ó túká ní ìrọ̀rùn ni àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò tún gbà láti bá ara wọn ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mìíràn.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Tuckman tìkára rẹ̀ jẹ́wọ́ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwádìí tí ó kó jọ dá lórí àwọn ẹgbẹ́ tí a kó jọ láti wo àìsàn ọkàn. Díẹ̀ ni ó jẹ́ ti ẹnu iṣẹ́. Nítorí náà àwọn ìpele wọ̀nyí kì í ṣe òfin tí kò lè yẹ̀. Ẹgbẹ́ lè wà ní ìpele kẹrin kí ó padà sí ìkejì, bí àlejò púpọ̀ bá wọlé tàbí bí olórí bá yí padà.

BÍ ÈNÌYÀN TI Ń PỌ̀ SÍ I

Onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, Max Ringelmann, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1913. Ó ní kí àwọn ènìyàn máa fa okùn, ó sì wọn agbára wọn. Nígbà tí ènìyàn 2 jùmọ̀ fà á, agbára tí olúkúlùkù lò tó ìpín 93 nínú 100 agbára tí ó ní nígbà tí ó dá nìkan fà á. Nígbà tí wọ́n di 3, ó di ìpín 85. Nígbà tí wọ́n di 8, kò pé ìdajì mọ́: ìpín 49 péré ni.

Kí ni ó fà á? Ìdí kan ni pé wọn kì í fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí kejì ni pé bí ènìyàn bá ti pọ̀, olúkúlùkù a máa rò pé bí òun kò bá tilẹ̀ fà á gidigidi, àwọn ìyókù yóò fà á. Òtítọ́ ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fara pamọ́ sáàárín àwọn ìyókù kò ṣe ẹgbẹ́ ní àǹfààní. Àwọn baba wa mọ èyí: nínú àáró, a máa ń pín ebè fún olúkúlùkù kí gbogbo ojú lè rí ibi tí ó bá a dé. Ẹgbẹ́ tí ó bá tóbi gbọ́dọ̀ pín ara rẹ̀ sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lè hàn.

ÌDAJÌ ỌJỌ́

Ní ọdún 1988, Connie Gersick, tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn jáde lórí ẹgbẹ́ 8 tí a fún ní iṣẹ́ tí ó ní ọjọ́ ìparí. Ọjọ́ 7 ni ti èyí tí ó kúrú jù nínú wọn, oṣù 6 sì ni ti èyí tí ó gùn jù. Ohun ìyanu tí ó rí ni pé ọ̀nà tí ẹgbẹ́ bá gbé iṣẹ́ gbà ní ìpàdé kìn-ín-ní ni yóò máa tọ̀ títí ìdajì àkókò náà yóò fi pé. Ní ìdajì yìí ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí, wọn yóò ju èyí tí kò wúlò nù, wọn yóò sì gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn aláṣepọ̀ kò ṣòro. Bí a bá fún ẹgbẹ́ ní oṣù 4 láti kọ́ yàrá ìkàwé, kí a ti dá ọjọ́ kan sí òpin oṣù kejì, kí a dá iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ náà, kí a sì jókòó béèrè pé: Ibo ni a dé? Kí ni kò lọ déédéé? Kí ni ó yẹ kí a yí padà? Àǹfààní àti yí ọwọ́ padà ń bẹ ní ìdajì ọ̀nà. Bí ọjọ́ ìparí bá kù díẹ̀, ó ti pẹ́.

ẸNU TÍ KÒ BẸ̀RÙ

Ní ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí ó wà ní Ìdó-Èkìtì, àwọn ènìyàn a máa pàdé lẹ́nu iṣẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, tí ẹ̀mí ènìyàn sì wà lọ́wọ́ wọn. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹni tí ń fún aláìsàn ní oògùn oorun lè má tíì bá ara wọn ṣiṣẹ́ rí. Wọn kò ní oṣù mẹ́ta láti jà kí wọ́n sì parí ìjà. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde ní ọdún 2008, tí a gbọ́dọ̀ kà sókè kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá parí. Ọ̀kan nínú ohun tí ìwé náà béèrè ni pé kí olúkúlùkù sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀.

A dán an wò ní ilé ìwòsàn 8 ní ìlú 8 káàkiri ayé. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Ifakara ní ilẹ̀ Tanzania, òmíràn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2009 sọ pé iye àwọn tí ó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lọ sílẹ̀ láti 1.5 nínú 100 sí 0.8. Ìwé náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun mìíràn nínú, ṣùgbọ́n kò sí àní-àní pé ẹni tí ó ti sọ orúkọ rẹ̀ ni yóò rọrùn fún láti tún la ẹnu nígbà tí ó bá rí ewu.

Amy Edmondson, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, rí ohun kan tí ó jọ èyí. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1996 lórí àṣìṣe oògùn ní ilé ìwòsàn, ó rò pé ẹgbẹ́ tí ó dára jù ni àṣìṣe rẹ̀ yóò kéré jù. Òdìkejì ni ó rí: ẹgbẹ́ tí ó dára ni ó ń ròyìn àṣìṣe púpọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀. Níbi tí olórí ti le koko, a ń fi àṣìṣe pamọ́, aláìsàn ni ó sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwa tí a bọ̀wọ̀ fún àgbà rò jinlẹ̀. Ọ̀wọ̀ dára, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀wọ̀ dí ẹnu ọmọdé tí ó rí ejò lẹ́sẹ̀ àgbà. Olórí tí ó gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ wí pé, "Ẹni tí ó kéré jù láàárín wa ni kí ó sọ tirẹ̀ ṣáájú."

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ORIN-ÈKÌTÌ

Ní ọdún 1959, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ètò oko ìdókòwò fún àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀. Olóyè Akin Deko ni Mínísítà fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ nígbà náà, àpẹẹrẹ àwọn abúlé alájọṣe ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni a sì wò. Orin-Èkìtì, nítòsí Ìdó, wà lára àwọn ibi tí a yàn. Èrò ètò náà dára: kí ọ̀dọ́ tí ó ti kàwé má ṣe máa sá kúrò ní oko.

Síbẹ̀, káàkiri ibi tí a dá irú oko bẹ́ẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà kúrò kí igi wọn tó so. Owó tí ó wọ iṣẹ́ náà pọ̀, èrè pẹ́ kí ó tó dé, gbèsè sì ń dúró de olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Láti òkè ni ìlànà ti wá bá wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń sọ ohun tí a ó gbìn àti ìgbà tí a ó gbìn ín. Nígbà tí aáwọ̀ dé, ọ̀dọ̀ ìjọba ni olúkúlùkù kọjú sí, kò kọjú sí ẹnì kejì rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a kò fún ní àyè láti yanjú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kì í sábà dé ìpele kẹta.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 28 kó owó jọ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, àwọn fúnra wọn ni ó sì kọ òfin ara wọn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ di òfin ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, lẹ́yìn ìròyìn tí C. F. Strickland kọ ní ọdún 1934. Ẹgbẹ́ yóò ní ìwé òfin. Ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò yàn ni yóò máa darí rẹ̀. A ó sì máa yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Àwọn ohun wọ̀nyí kì í dènà aáwọ̀. Wọ́n ń fún aáwọ̀ ní ibi tí yóò jókòó sí ni.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ pẹ́ ní láti ṣe ohun wọ̀nyí:

1. Ní ìpàdé kìn-ín-ní, kí a kọ iṣẹ́ olúkúlùkù sílẹ̀, àti ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí kò bá ṣe tirẹ̀.

2. Kí a sọ fún ara wa tẹ́lẹ̀ pé aáwọ̀ ń bọ̀, kí a sì dá ọjọ́ kan sí lóṣooṣù tí a ó máa fi sọ ohun tí ń dun ni.

3. Nígbà tí aáwọ̀ bá dé, kí a bi ara wa bóyá iṣẹ́ ni a ń bá jà tàbí ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́, kí a tún iṣẹ́ pín.

4. Bí a bá ti yanjú ọ̀rọ̀ kan, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn tí kò mọ̀wé.

5. Kí a ka owó ní gbangba. Kò sí ohun tí ń dá aáwọ̀ tí ó ti parí padà tó owó tí a kà ní ìkọ̀kọ̀.

6. Bí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bá wọlé, kí a kọ́ ọ ní ìlànà, kí a má sì yà á lẹ́nu bí ìjà díẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀.

Ahọ́n àti eyín ń gbé inú ẹnu kan náà, wọn a sì máa bá ara wọn jà. Síbẹ̀, ọ̀kan kò tìtorí ìjà sọ pé òun yóò jáde, àwọn méjèèjì ni ó sì ń jùmọ̀ jẹ oúnjẹ. Bí ẹgbẹ́ kan ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó bá wà nínú aáwọ̀ lónìí, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà má ṣe yára pín àdá àti ọkọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n sọ ọ́ tán, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá fi ẹnu kò sí sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìpele kẹta ni wọ́n fẹ́ wọ̀.